Ẹni Tó Ń Ka Ẹ̀yìn Ojú

Lórí tábìlì dókítà ojú, ẹ óò sábà rí ìgò egbòogi kékeré kan tí ọmọrí rẹ̀ pupa. Egbòogi inú rẹ̀ ló máa ń mú kí ọmọlójú là gbàgàdà, kí dókítà lè ríran dé ẹ̀yìn ojú. Ní ọ̀pọ̀ ibi láyé ni wọ́n ti ń fi ọmọrí pupa dá irú egbòogi yìí mọ̀, kí ọwọ́ má baà ṣì mú òmíràn. Ṣùgbọ́n dókítà tó mọṣẹ́ kì í sáré kán an. Ọmọrí yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ lò. Á ní kí aláìsàn fi ọwọ́ bo ojú kan, kó fi èkejì wo ọmọrí náà dáadáa, lẹ́yìn náà kó pààrọ̀ ojú. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: ṣé bó ṣe pọ́n lójú ọ̀tún náà ló ṣe pọ́n lójú òsì? Bí iṣan ìríran, ìyẹn iṣan tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ fún ọpọlọ, bá ti fara gbọgbẹ́, pupa tí ojú yẹn ń rí á ti ṣá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í mọ̀ pé ojú àwọn méjèèjì ti yàtọ̀ síra títí dìgbà tí wọ́n bá wo ọmọrí ìgò yẹn.

Ọmọrí ìgò ni o. Kò ní wáyà, kò lo iná, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ní yàrá àyẹ̀wò ojú kan ní Warri ni mo jókòó sí, tí mò ń wo bí obìnrin kan tó jẹ́ dókítà ojú ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní multiple sclerosis, àti ohun tó máa ń ṣe sí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ojú. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé àrùn jáde ló máa ń yíjú padà, tí wọ́n á máa kọlu ọ̀rá tó bo àwọn iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ á máa wúwo, ọwọ́ á máa kú, àárẹ̀ á dé láìnídìí. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ojú kan á ṣókùnkùn láàárín ọjọ́ mélòó kan, á sì máa dun ẹni náà bó bá ti yí i sọ́tùn-ún sósì. Àìsàn náà pọ̀ ní ìhà àríwá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ó ṣọ̀wọ́n ní Warri, ó ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n fi ń rí àmì rẹ̀ lẹ́yìn ojú kò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn dókítà ojú wa ń lò ó fún àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀, ìyìn tó tọ́ sí wọn ni a kò tíì fún wọn.

Àwọn tó tò síta lọ́jọ́ náà wá láti Effurun, láti Ughelli, láti Sapele. Urhobo wà níbẹ̀, Itsekiri wà níbẹ̀, Ìjọ, Igbo àti Yorùbá pẹ̀lú, pidgin sì ni gbogbo wọn jọ ń sọ. Ẹni tó kàn nígbà tí mo wọlé ni ìyá oníṣòwò kan láti ọjà Igbudu, ọmọ Yorùbá, tó ní òun ń rí kùrukùru. Nígbà tí dókítà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yí èdè padà lójú ẹsẹ̀, ó sì kí i bí ọmọ ṣe ń kí ìyá.

Lẹ́yìn ọmọrí pupa, tọ́ọ̀ṣì ló kàn. Dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sójú ọ̀tún, ó kà á díẹ̀, ó gbé e sí òsì, ó kà á díẹ̀, ó tún gbé e padà. Ọwọ́ rẹ̀ kò yára, kò sì lọ́ra. Iye àkókò kan náà ló ń lò lójú kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń wò nìyí: bí iná bá kan ojú kan, ọmọlójú méjèèjì ló yẹ kó sún kì pa pọ̀, torí ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún wọn. Bí iṣan ìríran kan bá ti fara pa, ìròyìn tó ń gbé lọ fún ọpọlọ á rẹlẹ̀. Nígbà náà, bí tọ́ọ̀ṣì bá kúrò lójú tó dá, tó bọ́ sójú tó gbọgbẹ́, ọmọlójú tó yẹ kó sún kì á máa fẹ̀ sí i lábẹ́ iná. Ìyípadà náà lè máà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ojú tí kò tíì kọ́ ọ á fò ó dá.

Ẹ kíyè sí bí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe tẹ̀ léra. Egbòogi ìgò ọlọ́mọrí pupa máa ń dá ọmọlójú dúró sí fífẹ̀, iná kò sì ní lè mú un sún kì mọ́ fún wákàtí bíi mélòó kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kán an ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ẹ̀rí tí tọ́ọ̀ṣì ì bá fún un nù. Ìdí nìyí tí dókítà tí mò ń wí fi ṣe àyẹ̀wò àwọ̀, tó ṣe ti iná, tó kọ èsì méjèèjì sílẹ̀, kó tó wá ṣí ìgò. Ó kán an, ó ní kí màmá dijú, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n.

Kí a tó ní awò tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ojú, dúdú ni gbogbo ayé mọ ọmọlójú sí. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yọjú wò ó á fi orí ara rẹ̀ dí iná lọ́wọ́. Hermann von Helmholtz, ọmọ Jámánì tó ń ṣe olùkọ́ ní Königsberg, ló rí ọ̀nà àbáyọ ní 1850: ó dá àwọn dígí pẹlẹbẹ dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí iná fìtílà lè gba ara wọn wọnú ojú aláìsàn, kí ojú òun náà sì lè gba àárín wọn wò ó. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1851. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn dókítà Yúróòpù ti ń fi ọwọ́ ya ohun tí wọ́n ń rí. Eduard von Jaeger, ará Vienna, lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí lórí ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo, ìwé àwòrán ẹ̀yìn ojú tó ṣe sì jáde ní 1869. Títí dòní, ẹni tó bá wo àwòrán wọ̀nyẹn á mọ̀ pé ẹni tó yà wọ́n kò kánjú.

Nígbà tí ọmọlójú màmá ti là, dókítà pa iná yàrá, ó mú awò ọlọ́wọ́, ophthalmoscope, ó sì jókòó síwájú wọn.

“Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ọ̀hún. Ẹ má wo iná mi.”

“Ṣé kí n má ṣẹ́jú ni, dókítà?”

“Ẹ lè ṣẹ́jú, mà. Ẹ ṣáà má gbé ojú kúrò níbẹ̀.”

Ojú ọ̀tún ara rẹ̀ ló fi ń wo ojú ọ̀tún màmá. Nígbà tó kan òsì, òun náà pààrọ̀ sí òsì, kí imú àti imú má baà kan ara wọn. Láti ìwọ̀n apá kan ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọmọlójú ti ń tàn pupa ráúráú nínú òkùnkùn, ó sì ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí pupa yẹn títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti màmá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà léjìká wọn kó lè mọ bó ṣe súnmọ́ tó, ìka rẹ̀ kan sì ń yí gíláàsì inú awò náà títí gbogbo rẹ̀ fi hàn kedere.

Awò yìí máa ń sọ ẹ̀yìn ojú di ńlá ní ìlọ́po bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ibi kékeré ló ń fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ̀nà á sọnù síbẹ̀ kíá. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò ni pé kí wọ́n wá òpó ẹ̀jẹ̀ kan rí, èyíkéyìí, kí wọ́n sì wo ibi tó ti pín sí méjì, torí orí oríta òpó máa ń nàka sí orí iṣan ìríran. Bí ẹni tó ṣìnà sínú àwọn odò kéékèèké agbègbè Warri ṣe lè máa bá omi lọ títí tí yóò fi já sí odò ńlá, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ń bá òpó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú èyí tó nípọn jù ú, títí tó fi dé ibi tí gbogbo wọn ti wọlé: àwo róbótó kan, àwọ̀ rẹ̀ láàárín yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn, tí ìbú rẹ̀ tó bíi mìlímítà kan àti ààbọ̀. Orí iṣan ìríran nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Oríṣi òpó méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá láti ọkàn, èkejì ń dá a padà. Ẹ jẹ́ kí n pe àkọ́kọ́ ní òpó àlọ, kí n pe ìkejì ní òpó àbọ̀. Òpó àlọ tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀, ó pupa fòò, ìlà ìmọ́lẹ̀ kan sì máa ń sáré láàárín rẹ̀. Òpó àbọ̀ sanra jù ú lọ, ó sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ọ̀kan bá jẹ́ méjì, èkejì á jẹ́ mẹ́ta. Dókítà ń tẹ̀ lé wọn ní méjì-méjì, lọ sókè lápá etí, lọ sísàlẹ̀ lápá etí, lọ sókè lápá imú, lọ sísàlẹ̀ lápá imú. Níbi tí wọ́n bá ti kọjá lórí ara wọn, ó ń dúró.

Ní ibi ìkọjá kan báyìí ló dúró pẹ́.

“Mọ́mì, ìgbà wo lẹ wọn ìfúnpá yín kẹ́yìn?”

“Háà, ojú ni mo bá wá o, dókítà.”

“Ojú náà ló sọ fún mi, mà.”

Ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà. Ara òpó àlọ màmá ti nípọn, ìlà ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ti fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, níbi tó sì ti gba orí òpó àbọ̀ kọjá, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé ó dà bíi pé òpó àbọ̀ náà já lọ́tùn-ún já lósì. Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, ti ọdún pípẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá màmá, ó ga lóòótọ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ multiple sclerosis ti wọlé. Nínú àìsàn yẹn, òpó àbọ̀ ló máa ń gba ìyọnu. Àwọn ọmọ ogun ara á jáde látinú ẹ̀jẹ̀, wọn á kóra jọ yí i ká, dókítà á sì rí ìlà funfun tó bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì fún ìwọ̀nba ibi kan, kó tó tún mọ́ padà. C. Wilbur Rucker, dókítà ojú ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1944 pé òun ń rí funfun yìí lára òpó àbọ̀ àwọn tó ní àìsàn náà. Ní 1987, Susan Lightman, Ian McDonald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní London tẹ àyẹ̀wò 50 ènìyàn tí iṣan ìríran wọn wú jáde. Wọ́n rí i pé àwọn tí òpó àbọ̀ wọn ti ní irú àpá yìí ni multiple sclerosis wá fara hàn lára wọn jù nígbà tó yá.

Ohun ìyanu kan wà nínú èyí tí ó yẹ ká dúró wò. Ọ̀rá tó bo iṣan la sọ pé àìsàn yìí ń bá jà. Ṣùgbọ́n nínú rẹ́tínà, awọ tín-ín-rín ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán, ọ̀rá yẹn kì í sí lára ènìyàn púpọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn tí iṣan bá ti jáde kúrò lẹ́yìn ojú ló tó ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Kí wá ni àwọn ọmọ ogun ara ń wá yí òpó àbọ̀ ká níbi tí ọ̀tá wọn kò sí? Ohun tí McDonald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé òpó ẹ̀jẹ̀ lè dàrú fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀rá kan bàjẹ́ nítòsí. Ìlà funfun kan tí dókítà fi sùúrù rí lẹ́yìn ojú ló gbé ìbéèrè nípa ìpilẹ̀ àìsàn ọpọlọ dìde.

Síbẹ̀, ìlà náà kì í sábà wà nítòsí orí iṣan. Ẹ̀bá rẹ́tínà, lọ́nà jíjìn, ló máa ń wà, awò ọlọ́wọ́ kò sì lè débẹ̀. Fún ìyẹn, dókítà á gbé awò oníná kan dé orí, á sì na gíláàsì róbótó kan síwájú ojú aláìsàn. Báyìí, ó ń rí ibi tó fẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ti dojú dé: òkè ti di ìsàlẹ̀, ọ̀tún ti di òsì. Bí ó bá ní kí aláìsàn wòkè, apá òkè rẹ́tínà ló ń wá, ìsàlẹ̀ gíláàsì ni yóò sì ti rí i. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ yìí dáadáa ní ọgbọ́n kan: wọ́n á dojú ìwé dé nígbà tí wọ́n bá ń yàwòrán, kí wọ́n lè ya ohun tí wọ́n rí bí wọ́n ṣe rí i, tí wọ́n bá wá yí ìwé náà padà, ohun gbogbo á bọ́ sáyè rẹ̀. Bírò pupa fún òpó àlọ, bírò búlúù fún òpó àbọ̀. Mo wo dókítà yìí bó ṣe ya ẹ̀yìn ojú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láì gbé orí sókè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. NEPA mú iná lọ láàárín ìyẹn. Òkùnkùn ló ń fẹ́ tẹ́lẹ̀, bátìrì ló sì wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

Rírí ìlà funfun ni ìdajì iṣẹ́. Ìdajì kejì ni láti mọ ohun tó fà á, èyí sì ni ibi tí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Warri ti ní ẹrù tó wúwo ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic lọ. Ní orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ AS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, torí òun náà máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀bá rẹ́tínà, a sì máa fi funfun sílẹ̀. Ikọ́ ife lè wú òpó àbọ̀. Àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis lè ṣe é, HIV lè ṣí ọ̀nà fún kòkòrò mìíràn láti ṣe é. Bí orí iṣan ìríran bá sì ti funfun ráúráú, ìbéèrè mìíràn dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, fi hàn ní àwọn ọdún 1960 pé àwọn kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn ń di, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́, jẹ́ àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ ṣáá láìsí oúnjẹ tó ṣara lóore, tí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò pèsè dáadáa sì wọ̀ wọ́n lára. Osuntokun kan náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé multiple sclerosis ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹni tó bá fẹ́ pe orúkọ àìsàn tó ṣọ̀wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi gbogbo àwọn tó wọ́pọ̀ léèrè, kó sì gbọ́ ìdáhùn wọn.

Ẹ̀rọ ti dé láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1961, Harold Novotny àti David Alvis, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Indiana, tẹ ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń fa aró yẹ́lò kan sí ẹ̀jẹ̀ apá, tí wọ́n sì ń ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń gba inú òpó ojú kọjá. Níbi tí òpó bá ti ń jò, aró á jáde, á tàn. Ní 1991, David Huang, James Fujimoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde ẹ̀rọ OCT, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí rẹ́tínà ṣe nípọn tó. Lónìí, ẹ̀yà rẹ̀ tuntun lè fi òpó ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù lọ hàn láìlo aró, nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi rí ni pé òpó tín-ín-rín tó wà ní ìpele rẹ́tínà tó kọjú sínú ojú máa ń dín kù lójú àwọn tó ní multiple sclerosis, pàápàá lójú tí iṣan rẹ̀ ti wú rí. Àríyànjiyàn ṣì ń lọ lórí èyí tó ṣáájú: ṣé iṣan tó kú ni kò nílò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mọ́ ni, àbí ẹ̀jẹ̀ tó dín kù ló pa iṣan? Ìwádìí ní Amẹ́ríkà sì ti fi hàn pé lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí àìsàn yìí bá mú, rẹ́tínà máa ń tètè fẹ́lẹ́ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ wa tó wà ní London àti Houston.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹ̀rọ kì í dá pinnu ẹni tó yẹ kó jókòó síwájú òun. Ẹni tó ń pinnu ìyẹn ni dókítà tó mú ọmọrí pupa, tó gbé tọ́ọ̀ṣì lọ gbé e bọ̀, tó rí ọmọlójú tó fẹ̀ níbi tó yẹ kó ti sún kì, tó wá kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá ní Oghara tàbí Benin pé kí wọ́n yẹ ọpọlọ ẹni yìí wò. Bí kò bá rí i, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni wá a.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ojú kan bá ń ṣókùnkùn fún yín láàárín ọjọ́ díẹ̀, tó ń dùn yín bí ẹ bá yí i, tí àwọ̀ sì ń ṣá, ẹ má ra gíláàsì lẹ́bàá títì, ẹ má sì lọ ra oògùn prednisolone ní kẹ́mísì. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe fún 457 ènìyàn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1992, fi hàn pé àwọn tó gbé irú oògùn yìí mì nìkan, láìgba èyí tí wọ́n ń fà sí ẹ̀jẹ̀ ṣáájú, ni ìwúlé iṣan ìríran padà wá bá jù. Ẹ lọ bá dókítà ojú kíákíá. Ẹ ní kí wọ́n la ọmọlójú yín, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ dé ẹ̀bá. Ẹ mú ẹnì kan dání, torí ẹ kò ní ríran dáadáa fún wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí dókítà bá sì pẹ́ lórí yín nínú òkùnkùn, ẹ fún un láyè. Iṣẹ́ ló ń ṣe.